Ẹ Bi Wá: Ọkọ̀ Oníkùn Kan Tàbí Katamaráànì fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Orí Omi Ṣe Ilé?

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé lórí àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣe ibùgbé ni lẹ́tà ti ń wọlé wá sí ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú wa kò sí létí òkun. Mẹ́ta la mú nínú wọn lóṣù yìí. Àwọn tó kọ wọ́n ní kí a má dárúkọ àwọn, a sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Bódìjà ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Lisbon àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 40, wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí a wá bá àwọn gbé inú rẹ̀ fún ọdún méjì, kí a jọ máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Katamaráànì, ìyẹn ọkọ̀ oníkùn méjì tí wọ́n so pọ̀, ni ọmọ mi fẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ oníkùn kan ni ọkọ̀ gidi, pé ilé tó léfòó lásán ni èkejì. Wọ́n ní kí n dá sí i nítorí pé àwa náà yóò dá nínú owó rẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa ọkọ̀. Èwo ni kí a rà?
*Ìyá àgbà kan, Bódìjà*

ÌDÁHÙN: Mà á, ẹ kú ètò, ẹ sì kú oríire ọmọ tó fẹ́ kí òbí òun wà nítòsí òun. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ yín kò bi yín, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́: níbo ni ọkọ̀ náà yóò máa sùn? Ẹni tó fi ọkọ̀ ṣe ilé kì í wà lórí ìrìn lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ rẹ̀ ni yóò fi ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níbi tí omi ti rọ̀, tí yóò máa dáná, tí yóò máa fọṣọ, tí yóò máa tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, tí yóò sì máa retí afẹ́fẹ́ tó dára. Síbẹ̀, bí àwọn ọlọ́kọ̀ bá ń jiyàn, eré sísá àti ìjì ni wọ́n máa ń sọ ṣáá. Lójú tèmi, ibi tí ọkọ̀ yóò máa dúró sí, apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá lójú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ tọ̀, àti ẹrù tí ẹ kò lè ṣe kí ẹ má kó, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kó yan ọkọ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú wọn yàtọ̀. Ọkọ̀ oníkùn kan ní kíìlì, ìyẹn òjé tàbí irin tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ sábà máa ń tó ìdámẹ́ta ìwúwo gbogbo ọkọ̀, nígbà mìíràn tó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìgbòkun, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kíìlì á sì máa fà á padà, bí igbá tí wọ́n fi òkúta sí nídìí. Kì í ṣe ohun àjèjì kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fì ní dígírì 15 sí 25 láti àárọ̀ di alẹ́ bó bá dojú kọ afẹ́fẹ́. Katamaráànì kò ní ìwúwo kankan lábẹ́ bẹ́ẹ̀. Ikùn méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní, wọ́n jìnnà síra, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ló sì so wọ́n pọ̀ lókè. Fífẹ̀ rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Kì í fì ju dígírì díẹ̀ lọ, ife tíì tí ẹ bá gbé sórí tábìlì lè wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi mu ún tán.

Ní ti èyí tí ọkọ ọmọ yín sọ pé kì í ṣe ọkọ̀ gidi, kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́ pé àwọn ará erékùṣù Polynesia ti ń fi ọkọ̀ oníkùn méjì la òkun Pàsífíìkì já kí àwọn ará Yúróòpù tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1956, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ James Wharram fi katamaráànì tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 24 lọ, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, la Àtìláńtíìkì já dé Trinidad, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ọkọ̀ gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò já sí méjì lágbedeméjì òkun.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yín ló kàn. Nínú ọkọ̀ oníkùn kan, ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná àti pálọ̀ wà, àtẹ̀gùn tó sì lọ síbẹ̀ ga, ó dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá fẹ́ bu omi mu, ẹni tó bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún ẹni tó ń tukọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àtẹ̀gùn náà ni gbogbo wọn yóò gbà. Mo ti dúró nídìí sítóòfù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó dojú kọ afẹ́fẹ́, tí mo fẹ́ ro àmàlà fún ènìyàn mẹ́rin. Wọ́n ti fi irin méjì gbé sítóòfù náà rọ̀ kí ó lè máa jù bí ọkọ̀ bá ti ń fì, nítorí náà ìkòkò dúró dáadáa. Ẹni tó ń rokà ni kò dúró. Ìgbànú kan wà tí wọ́n so mọ́ ògiri, òun ni mo fi di ìdí mú. Mo fi orúnkún kan ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi ọwọ́ òsì di irin tó wà níwájú sítóòfù mú, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù fún orógùn. Àmàlà náà jinná, ṣùgbọ́n kókó inú rẹ̀ pọ̀. Nínú katamaráànì tó wọ́pọ̀ lónìí, ilé ìdáná, pálọ̀ àti ibi ìjókòó ìta wà ní ipele kan náà, ẹ lè ti ìdí sítóòfù gbé àwo ọbẹ̀ lọ síta láìgun ohunkóhun. Àtẹ̀gùn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni èyí tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá inú ikùn ọ̀tún àti ti òsì, ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ sùn tàbí tí ẹ bá jí lẹ óò sábà gbà á.

Fún ìdílé tí àna wà nínú rẹ̀, àǹfààní kan tún wà tí mo kà sí pàtàkì gan-an. Ẹ̀yin àti bàbá lè wà nínú ikùn kan, kí àwọn ọmọ wà nínú èkejì, kí oníkálukú ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, kí pálọ̀ sì wà láàárín. Nínú ọkọ̀ oníkùn kan tó gùn bákan náà, pákó pẹlẹbẹ kan ló máa ń wà láàárín ibùsùn yín àti tiwọn.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé katamaráànì kì í mi o. Mímì tirẹ̀ kúrú, ó sì máa ń gbọn ara lójijì, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ oníkùn kan tó ń fì lọ tó ń fì bọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Bí ìgbì bá sì le, omi á máa lu abẹ́ ilẹ̀ tó so ikùn méjèèjì pọ̀, ariwo rẹ̀ á máa dún gbàmù lábẹ́ tábìlì oúnjẹ gan-an, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọkọ̀ ti fọ́. Àwọn kan wà tí èébì ń gbé nínú ọ̀kan tí kì í gbé wọn nínú èkejì, kò sì sí ẹni tó lè mọ èyí fún yín látòkèèrè. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n háyà ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì sùn nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe ní Bódìjà lónìí. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì àti téèpù ìwọnlẹ̀, ẹ jáde sí àgbàlá. Ẹ fa ìlà tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 4 láàárín, kí iwájú rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó; ọkọ̀ oníkùn kan ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 nìyẹn. Ẹ fa òmíràn tó gùn bákan náà ṣùgbọ́n tó fẹ̀ tó mítà 7. Ẹ gbé àga mẹ́rin, tábìlì kan àti àpótí aṣọ yín sínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin àti bàbá wá rìn kọjá ara yín nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìlà wọ̀nyẹn yóò ṣe yín láǹfààní ju gbogbo àwòrán tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù lọ.

Mítà 7 yẹn náà ni yóò sì máa ná yín lówó. Ọ̀pọ̀ maríínà, ìyẹn èbúté tí wọ́n ti ń gbowó lórí ọkọ̀ tó bá dúró síbẹ̀, máa ń fi ìlàjì owó lé ti katamaráànì, àwọn mìíràn á gba ìlọ́po méjì, àwọn tí wọ́n kọ́ láyé àtijọ́ kò tilẹ̀ ní àyè tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sókè láti kùn ún lábẹ́ ni ẹ̀rọ wọn lè gbé e. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, nítorí náà ọ́ìlì méjì, fílítà méjì àti owó mẹkáníìkì méjì ni. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì tó jìnnà síra yẹn ló ń jẹ́ kí ó lè yí po lójú kan náà nínú èbúté tó há, bí ọ̀kan bá sì kú, èkejì á gbé yín délé. Bí ó bá jẹ́ tuntun, owó katamaráànì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 máa ń fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti oníkùn kan tó gùn bákan náà.

Ẹrù ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti lè ba katamaráànì jẹ́. A kì í fẹ́ rìnrìn àjò lọ́wọ́ òfo. Ọkọ̀ oníkùn kan lè gba tọ́ọ̀nù kan lé ẹrù rẹ̀ kó má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Katamaráànì kò rí bẹ́ẹ̀: ikùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹrù bá pọ̀ jù, ó máa jókòó wọ inú omi, eré rẹ̀ á kú, ìgbì á wá túbọ̀ máa lù ú lábẹ́, àwọn okùn irin tó di òpó rẹ̀ mú á sì máa jìyà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 40 lè ru nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì sí mẹ́ta, ohun gbogbo ló sì wà nínú ìṣirò náà. Omi lítà 500 jẹ́ kílò 500. Epo dísẹ́ẹ̀lì lítà 400 lé ní kílò 330. Ẹ fi ènìyàn mẹ́rin kún un, ó ti kọjá tọ́ọ̀nù kan kí a tó ka ìdákọ̀ró àti ṣéènì rẹ̀, kí a tó ka ọkọ̀ kékeré tí ẹ óò fi máa lọ sí èbúté, kí àpò èlùbọ́ kan ṣoṣo tó wọlé. Nítorí náà, odó, ọlọ àti jẹnẹrétọ̀ ńlá kò ní bá yín lọ. Òrùlé katamaráànì fẹ̀ tó láti gba páńẹ́lì sólà tó lé ní wáàtì 1000, ìyẹn sì tó fún fíríìjì àti fún ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ omi òkun di omi mímu, èyí tí yóò jẹ́ kí ẹ dín omi tí ẹ ń rù kiri kù.

Ẹ wá jẹ́ kí a tọ ọ̀nà náà wò. Láti Lisbon lọ sí erékùṣù Canary, láti ibẹ̀ lọ sí Cape Verde, apá àríwá àti àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń wá. Ẹ̀yìn ni yóò ti máa ti yín, katamaráànì sì fẹ́ràn èyí púpọ̀, nítorí pé ọkọ̀ oníkùn kan máa ń fì sọ́tùn-ún fì sósì láìsinmi bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Pípadà sókè ni iṣẹ́ wà. Kò sí ọkọ̀ onígbòkun tó lè kọjú sí afẹ́fẹ́ ní tààràtà. Wọ́gọwọ̀gọ ni yóò máa rìn. Ọkọ̀ oníkùn kan lè súnmọ́ ojú afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi dígírì 45. Katamaráànì tó kún fún ẹrù lè máà lè súnmọ́ ọn ju dígírì 55 tàbí 60 lọ, omi á sì tún máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ fi ń gba erékùṣù Azores yí ká kí wọ́n tó padà sí Pọ́túgà. Bí ó bá jẹ́ pé lílọ bíbọ̀ láàárín Lisbon àti Canary ni àwọn ọmọ yín fẹ́ máa ṣe lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ọkọ ọmọ yín ni èmi ì bá gbè.

Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà yín náà ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó fi físà Schengen fún ìgbà kúkúrú wọ Pọ́túgà, Sípéènì tàbí Gíríìsì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí, gbígbé inú ọkọ̀ kò sì yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú òfin yìí. Erékùṣù Canary, abẹ́ Sípéènì ló wà. Ọmọ ECOWAS sì ni Cape Verde, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà, ọmọ Nàìjíríà lè lo ọjọ́ 90 níbẹ̀ láìgba físà. Èyí túmọ̀ sí pé, bí ẹ bá fẹ́ gbé ọdún méjì láìbá òfin jà, Mindelo ní Cape Verde, etíkun Hann ní Dakar, odò Gáḿbíà àti àwọn ẹ̀ka odò Saloum àti Casamance ni ẹ̀yin àti bàbá yóò ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn odò wọ̀nyí kò jìn, iyanrìn abẹ́ wọn sì ń ṣípò padà. Ọkọ̀ oníkùn kan yín yóò fẹ́ omi tó jìn tó mítà 2. Mítà 1.2 tó fún ọ̀pọ̀ katamaráànì, ẹ sì lè jẹ́ kí omi fà lọ lábẹ́ rẹ̀ kí ó jókòó sórí iyanrìn, kí ẹ fọ ìdí rẹ̀ fúnra yín, kí omi tó padà wá gbé e.

Kí wọ́n má ṣe gbé e wá sí Èkó láti wá kí yín o. Nínú atukọ̀ 135 tí àwọn ajínigbé jí gbé lórí omi káàkiri àgbáyé lọ́dún 2020, 130 ló jẹ́ pé agbègbè òkun Guinea tiwa yìí ni wọ́n ti jí wọn. Ó ti dín kù gan-an láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìdílé tí kò sáré ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ sáré lọ kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò lágbára, ìṣàn omi sì ń lọ sí ìlà-oòrùn, pípadà sí Dakar yóò di ọ̀ràn ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra katamaráànì àlòkù tí gígùn rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 38 sí 40. Lagoon àti Fountaine Pajot láti Faransé, àti Leopard tí wọ́n ń kàn ní Cape Town, ló pọ̀ jù lọ́jà. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ háyà rí, nítorí náà kí wọ́n bèèrè wákàtí tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n san owó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ọkọ̀ wò, tí kò bá ẹni tó ń tà á tan, kí ó gbé ọkọ̀ náà jáde kúrò lómi, kí ó yẹ ibi tí ikùn àti ilẹ̀ àárín ti pàdé àti àwọn ògiri inú tó so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n béèrè ọjọ́ orí okùn irin tó di òpó mú pẹ̀lú, nítorí pé bí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọgbọ́n. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan, Mọ́kọ́lá ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ onígbòkun, kí n wá ra kékeré kan tí n óò máa dá gbé. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà nípa ọkọ̀ Bayesian tó rì ní Ítálì. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé katamaráànì kì í rì. Ṣé òótọ́ ni? Owó mi kò pọ̀ o.
*Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mọ́kọ́lá*

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ délẹ̀. Nítorí pé katamaráànì kò ní òjé lábẹ́, ó sábà máa ń léfòó bí omi bá tilẹ̀ kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dojú dé, kò sí ohun tí yóò yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé. Ọkọ̀ oníkùn kan tí ìgbì bá gbá lulẹ̀ yóò dìde fúnra rẹ̀ bí gbogbo ihò àti fèrèsé rẹ̀ bá wà ní pípadé, ṣùgbọ́n bí omi bá ráyè wọ inú rẹ̀, kíìlì kan náà tó ń gbé e dìde ni yóò fà á lọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà dáàbò bo ènìyàn, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbà léwu.

Má fi Bayesian dá àwọn ọkọ̀ oníkùn kan lẹ́jọ́. Ọkọ̀ olówó ńlá tó gùn ní mítà 56 ni, ó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ nítòsí Porticello ní erékùṣù Sicily nígbà tí ìjì dé bá a ní ọjọ́ 19, oṣù Ògún, ọdún 2024, méje kú nínú ènìyàn 22 tó wà nínú rẹ̀. Kíìlì rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè gbé sókè, òkè ló sì wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn olùṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní ọdún 2025 pé, bó ṣe wà yẹn, afẹ́fẹ́ tó bá lé ní nọ́ọ̀tì 63 (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì orí òkun kan láàárín wákàtí kan) láti ẹ̀gbẹ́ lè gbé e ṣubú, àti pé bí ó bá ti fì kọjá nǹkan bíi dígírì 70, kò ní lè padà mọ́. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kàn fún òkun ńlá, tí kíìlì rẹ̀ kì í ṣípò, sábà máa ń lè padà láti nǹkan bíi dígírì 120. Èyí tó yẹ kí o bẹ̀rù jù ni kí kíìlì já. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2014, kíìlì ọkọ̀ Cheeki Rafiki já lórí Àtìláńtíìkì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ọkọ̀ àlòkù yòówù tí o bá fẹ́ rà, jẹ́ kí wọ́n yẹ àwọn bóòtù tó di kíìlì mọ́ ọn wò, kí o sì bèèrè bóyá ó ti fi ìdí gbálẹ̀ rí.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ìgbòkun bá ti pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́, ọkọ̀ oníkùn kan á fì, á sọ fún ọ. Katamaráànì kì í fì, nítorí náà kì í kìlọ̀. Agbára tó yẹ kó fi fì, okùn àti òpó rẹ̀ ló ń gbé e. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tù máa ń wo aago afẹ́fẹ́ dípò kí wọ́n wo bí ara ṣe ń ṣe wọ́n: bí ó bá ti tó nọ́ọ̀tì 18 sí 20, wọ́n á dín ìgbòkun kù, bó bá tún lé sí i, wọ́n á tún dín in kù, bí ilẹ̀ bá sì fẹ́ ṣú, wọ́n á dín in kù ṣáájú. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa, ìjì òjò máa ń ti ìlà-oòrùn dé lójijì, afẹ́fẹ́ tó rọra ń fẹ́ lè di nọ́ọ̀tì 40 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá dá wà, tó sì ń sùn nígbà náà, ọkọ̀ tó lè fì kó sì padà dìde ni mo fẹ́ kó wà nínú rẹ̀.

Ewu tó tilẹ̀ súnmọ́ ẹni tó ń dá tukọ̀ jù ni pé kí òun fúnra rẹ̀ jábọ́ sómi nígbà tí ọkọ̀ ń bá tirẹ̀ lọ. Okùn ààbò gbọ́dọ̀ wà láyà rẹ, kí o so ó mọ́ ọkọ̀ kí o tó jáde láti ìsàlẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, bí òkun bá tilẹ̀ rọ̀.

Pẹ̀lú owó tí kò pọ̀, ra ọkọ̀ oníkùn kan tí wọ́n fi fáíbà ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1990, tí gígùn rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 34. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó kéré jù. Ẹsẹ̀ bàtà 32 ni Suhaili tí Robin Knox-Johnston fi yí ayé po láìdúró láàárín ọdún 1968 sí 1969, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá ṣe bẹ́ẹ̀. Teddy Seymour, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, fi ẹsẹ̀ bàtà 35 dá yí ayé po, ó parí rẹ̀ ní 1987. Bill Pinkney, òun náà ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gba ìsàlẹ̀ Cape Horn ní ìpẹ̀kun Gúúsù Amẹ́ríkà, ó parí tirẹ̀ ní 1992. Oníkùn kan ni gbogbo wọn lò. Eré rẹ kò ní pọ̀: nọ́ọ̀tì 5 sí 6 ni, bí o bá sì ń ṣe 6 láìdúró, máìlì orí òkun 144 lo máa rìn láàárín wákàtí 24. Láti Las Palmas ní erékùṣù Canary dé St. Lucia ní Caribbean, tó jẹ́ nǹkan bíi máìlì 2,700, yóò gbà ọ́ ní ọjọ́ 19. Katamaráànì ìdílé tó ń ṣe nọ́ọ̀tì 7 yóò dé ní ọjọ́ 16. Ọjọ́ mẹ́ta yìí kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ ni yóò pinnu iye bátìrì tí o nílò. Ra wọn kí o tó ra ìgbòkun tuntun.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Elẹ́yẹlé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ṣé ibì kan wà ní Nàìjíríà tí mo ti lè fi irú ọkọ̀ méjèèjì han àwọn ọmọ kíláàsì mi?
*Tíṣà kan, Elẹ́yẹlé*

ÌDÁHÙN: Ó wà. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Èkó, kí ẹ wá kọjá sí Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ tó ti wà láti ọdún 1932. Lórí ọ̀sà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń tu Hobie, tó jẹ́ katamaráànì kékeré, àti Lightning, tó jẹ́ oníkùn kan tí ènìyàn mẹ́ta ń tù. Nínú afẹ́fẹ́ kan náà, àwọn ọmọ yóò rí i pé Lightning fì, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì fi ara rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti mú un dúró, nígbà tí Hobie dúró pẹrẹsẹ títí ikùn rẹ̀ kan yóò fi gbéra kúrò lómi lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹ jọ̀wọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Lightning kò ní kíìlì wíwúwo. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé sókè sódò ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìwúwo ara àwọn tó ń tù ú ló sì dúró fún òjé, nítorí náà bí ó bá ṣubú, ènìyàn ni yóò gbé e dìde. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ kíìlì hàn wọ́n ní kíláàsì, báfù omi kan, ike wáìnì tó ṣófo àti ìdérí rẹ̀, pẹ̀lú òjé apẹja díẹ̀ tí ẹ óò fi téèpù lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò tó: ẹ lẹ òjé náà, ẹ yí ike dà, ẹ yọ òjé kúrò, ẹ tún yí i dà. Ọgbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ọgbà ọkọ̀ yẹn, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé wọn kí ẹ tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀wù ìléfòó tó bá àwọn ọmọdé mu.